Dalhousie, ìlú orí òkè ní Índíà

Dalhousie jẹ́ ìlú orí òkè ní agbègbè Chamba, ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh, àríwá Índíà. Ó ga tó nǹkan bíi 2,000 mítà ju ìpele òkun lọ, àwọn òkè Dhauladhar, tí í ṣe ara Himalaya, sì yọ gedegbe sí i. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1854, kí àwọn ènìyàn wọn lè rí ibi sá sí nígbà ooru. Orúkọ Gómìnà Àgbà wọn ní Índíà, tó gba agbègbè Punjab, ni wọ́n fi sọ ìlú náà. Síbẹ̀, nínú àwọn àlejò tí wọ́n ń dárúkọ jù níbẹ̀ lónìí, méjì ló fi ayé wọn bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì jà.

James Ramsay, Marquess ti Dalhousie, wà nípò Gómìnà Àgbà láti 1848 sí 1856. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gba Punjab ní 1849. Ooru pẹ̀tẹ́lẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó sì ń mú àwọn ọmọ ogun Òyìnbó ṣàìsàn. Ní 1851, Robert Napier, tó jẹ́ ọ̀gá àwọn ẹnjiníà ní Punjab, dábàá pé kí wọ́n wá ibi tútù kan sórí òkè. Nígbà tó di 1853, wọ́n gba òkè márùn-ún lọ́wọ́ ọba Chamba: Kathlog, Potreyn, Tehra, Bakrota àti Bhangora. Dípò kí wọ́n kówó fún ọba náà, rúpì 2,000 ni wọ́n yọ kúrò nínú ìṣákọ́lẹ̀ tó ń san fún wọn lọ́dọọdún. Owó ọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n fi gba ilẹ̀ rẹ̀.

Ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀ṣì àti bárékè àwọn ọmọ ogun tẹ̀ lé e. Nígbà tó yá, àwọn ọlọ́lá Lahore, olú ìlú Punjab nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní 1873, Debendranath Tagore mú ọmọ rẹ̀, Rabindranath, wá síbẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi okùn mímọ́ sí i lọ́rùn tán gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn Brahmin, ìran àwọn àlùfáà Híńdù, irun orí rẹ̀ tí wọ́n fá kò sì tíì hù dáadáa. Ní Calcutta, abẹ́ ìṣọ́ àwọn ìránṣẹ́ ló ti dàgbà; wọn kì í jẹ́ kó rìn jìnnà sílé. Lórí òkè Bakrota, baba rẹ̀ jẹ́ kó máa dá rìn kiri inú igbó pẹ̀lú ọ̀pá onírin lọ́wọ́. Òmìnira náà kò sọ ọ́ di ọ̀lẹ, nítorí kí ilẹ̀ tó mọ́ ni baba ti ń jí i dìde láti kọ́ èdè Sanskrit, omi tútù nini ló sì ń fi wẹ̀. Ọmọ yìí ló gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ ní 1913.

Subhas Chandra Bose, ọ̀kan nínú àwọn tó jà fún òmìnira Índíà, dé ní 1937. Ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u sílẹ̀ látìmọ́lé ni, àìsàn sì ti sọ ọ́ di hẹ́gẹhẹ̀gẹ. Ilé Dókítà N. R. Dharmvir ló wọ̀ sí. Òun àti ìdílé dókítà náà ti mọra láti ìgbà tí Bose ń kàwé nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Nǹkan bí oṣù márùn-ún ló fi sinmi níbẹ̀. Àwọn ará ìlú gbà pé omi ìsun kan nínú igbó ló wò ó sàn, wọ́n sì ń pe ìsun náà ní Subhash Baoli. Lọ́dún kejì, ó di ààrẹ ẹgbẹ́ Congress, ẹgbẹ́ òṣèlú tó ń jà fún òmìnira Índíà.

Ti Ajit Singh ló wọni lára jù. Ní 1907, ó ṣáájú àwọn àgbẹ̀ Punjab tó kọ òfin ilẹ̀ ìjọba. Ìjọba sì kó òun àti Lajpat Rai, ajàfómìnira bíi tirẹ̀, lọ sí ìgbèkùn ní Mandalay ní Burma. Lẹ́yìn tí wọ́n tú u sílẹ̀, ó sá kúrò nílé ní 1909. Ó gba Ìráànì kọjá, ó gbé ní Brazil fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì wà ní Ítálì nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tí ó wà lẹ́yìn odi ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì yẹgi fún Bhagat Singh, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí òun náà ń jà fún òmìnira, ní 1931. Ó padà wálé ní 1947, àárẹ̀ ti mú un, wọ́n sì gbé e lọ sí Dalhousie kí afẹ́fẹ́ òkè lè tù ú lára. Ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ 1947, ọjọ́ náà gan-an tí Índíà gba òmìnira. Ibi ìrántí rẹ̀ wà ní Panchpula, lẹ́bàá odò.