Inú Ọsibítù Ni Wọ́n Bí I Sí: Ìtàn Láìbìrì Ìṣègùn Ìbàdàn

Àwọn ará Èkó á máa sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn ni láìbìrì ìṣègùn ti ṣẹ̀ wá ní Nàìjíríà, pé Yábà ni, 1930, ọ̀rọ̀ ti parí. Àwọn tó kàwé nílẹ̀ òkèèrè á rẹ́rìn-ín sí wọn, wọ́n á ní Amẹ́ríkà ni, pé láti 1836 ni ìwé ti wà lọ́fíìsì ọ̀gá àwọn dókítà ológun wọn, òun ló sì di National Library of Medicine lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ fún Amẹ́ríkà, ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká filẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Ti Èkó yìí ni mo fẹ́ yanjú. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mi ò fi bò, tèmi sì ni pé láìbìrì ìṣègùn tó jẹ́ láìbìrì, èyí tí dókítà lè sáré wọ̀ láti wọ́ọ̀dù kó tún sáré padà sọ́dọ̀ aláìsàn, Ìbàdàn ni wọ́n ti bí i, inú ọsibítù gan-an ni wọ́n sì bí i sí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe lọ. Lọ́dún 1948 tí wọ́n dá University College sílẹ̀ n'Íbàdàn, igbó ṣì ni ibi tí yunifásítì wà lónìí. Ẹlẹ́yẹlé ni wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sí, kí ló sì wà n'Ẹlẹ́yẹlé? Ọsibítù àwọn sójà ni, 56th Military General Hospital, tí wọ́n lò nígbà ogun Hitler tí wọ́n wá pa tì lẹ́yìn tí ogun parí. Inú ilé ọsibítù yẹn ni wọ́n ń sùn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ wọn níwèé, ibẹ̀ náà ni ìwé kọ́kọ́ balẹ̀ sí. Ṣé ẹ ti rí i báyìí? Níbòmíì, yunifásítì ló ń bí láìbìrì ìṣègùn. Tiwa yàtọ̀, ọsibítù ló gba yunifásítì lálejò, ìwé sì wá ń gbé níbi tí aláìsàn ń sùn tẹ́lẹ̀. Èmi tiẹ̀ gbà, ẹnikẹ́ni ò sì lè yí mi lérò padà, pé nínú àwọn selífù tí wọ́n kọ́kọ́ to ìwé sí yẹn, ó máa ní èyí tí wọ́n ti to igò oògùn àti báńdéèjì sí rí, torí nǹkan wọ́n lẹ́yìn ogun, ta ló máa rí selífù gidi nílẹ̀ táá tún ní kí káfíńtà lọ gé pákó tuntun? Òórùn Dettol á ti wà lára ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí níbẹ̀, ó dá mi lójú. Ọkùnrin tó wá ṣètò gbogbo ẹ̀, John Harris, New Zealand ló ti wá lọ́dún yẹn kan náà, bó bá sì yà yín lẹ́nu pé ẹni tó tọ̀nà jìn tó báyìí ló rọ́wọ́ mú nílẹ̀ wa, ẹ rántí pé Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì.

Àwọn ará Èkó á ní, "Àwa la fún yín níwèé." Òótọ́ wà níbẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí Henry Carr kú ní 1945, ìjọba ra àwọn ìwé ẹ̀, nǹkan bí 18,000, wọ́n sì kó wọn wá sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Carr kì í ṣe dókítà, ọ̀gá ẹ̀kọ́ ni, ẹni tó bá ń wá bí wọ́n ṣe ń to egungun tó ṣẹ́ kò ní lọ wá a sínú ìwé Carr. Ìwé Yábà náà dé, òótọ́ ni. Àmọ́ kí ni Yábà? Iléèwé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1930 kí ọmọ Nàìjíríà lè di amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà òyìnbó, tí wọn ò ka sátífíkéètì ẹ̀ sí nǹkan kan n'Ílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọ́n ṣe ń fi Yábà rẹ́ wa jẹ wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement ní 1934, ọmọ Èkó fúnra wọn ló bínú sí i! Láìbìrì iléèwé tí wọn ò fẹ́ kí ọmọ ẹ̀ di dókítà pátápátá, ìyẹn la fẹ́ wá pè lórísun? Ó tó báyìí lórí ìyẹn.

Tí a bá máa wádìí kọjá Ẹlẹ́yẹlé, ibi tí mo máa gbà lọ ni ọ̀dọ̀ Dókítà Obadiah Johnson. Ọdún 1889 ni yunifásítì Edinburgh fún ọkùnrin yìí ní oyè MD, ohun tó sì kọ tísíìsì lé lórí ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àìsàn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ẹ fojú inú wò ó, ọmọ Yorùbá kan jókòó sáàárín òtútù Scotland, ó ń kọ bí àwọn èèyàn tiwa ṣe ń wo ara wọn sàn sílẹ̀ kí àwọn òyìnbó lè kà á. Ọkùnrin yìí mọ iyì àkọsílẹ̀, ojú ẹ̀ rí i. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ni Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí ìwé náà sọnù sọ́wọ́ àwọn tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́. Obadiah ló kó àwọn bébà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ fi sílẹ̀ jọ tó tún gbogbo ẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà sì kú ní 1920, ìwé ò jáde títí di 1921. Ẹni tí irú ìyẹn ṣẹlẹ̀ sí, ṣé ó máa fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé ìṣègùn tó wà nílé ẹ̀ ni?

Oguntola Sapara náà ń bẹ, ọmọ Ìjẹ̀ṣà. Òun ló yọ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀nná kó lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. (Ẹ dákun, ẹ má bínú pé mo dárúkọ ẹ̀, mo mọ̀ pé Ilẹ̀ẹ́gbóná ló yẹ kéèyàn pè é, tàbí Ọlọ́de, àwọn àgbà ò tiẹ̀ ní jẹ́ kéèyàn wọ aṣọ pupa jáde lọ́sàn-án gangan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ẹ̀.) Ẹni tí ìgbóná bá pa, àwọn àwòrò ló ń kó ẹrù ẹ̀, kì í ṣe ẹbí, Sapara sì ròyìn pé àwọn kan nínú wọn ń fi èépá ara aláìsàn kó o ran ẹlòmíì. Ìròyìn ẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba fi ṣòfin lórí ọ̀rọ̀ náà. Síbẹ̀ kò torí ẹ̀ pa ewé àti egbò tì, ó ń wádìí wọn. Mi ò gbà pé òun àti Johnson á jọ máa gbé ìlú kan náà kí wọ́n má máa yá ara wọn níwèé, kí Sapara má bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ewé wo lẹ kọ sílẹ̀ fún inú rírun?" Níbi tí dókítà kan bá ti yá ìkejì ní àkọsílẹ̀ kó má baà bẹ̀rẹ̀ látodo, láìbìrì ìṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ máa ní Èkó náà ni àwọn méjèèjì gbé. Bẹ́ẹ̀ ni, ibi iṣẹ́ ni Èkó, ọmọ Ọ̀yọ́ ni ọ̀kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ìkejì.

Ó yá, ká padà sílé. Ọsibítù Adéọ̀yọ́ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ti kọ́kọ́ ń rí aláìsàn, ibẹ̀ kéré, àwọn ará Yunifásítì London tó wá wò ó ní kò lè gbé e. Ni wọ́n bá ṣòfin University College Hospital, UCH, ní 1952, ogúnjọ́ oṣù kọkànlá 1957 ni wọ́n ṣí i. Kó tó dìgbà yẹn, Ìlú Ọba ni àwọn ọmọ wa ń lọ parí ẹ̀kọ́ wọn, 1960 ni àwọn àkọ́kọ́ tó parí ẹ̀ nílé jáde. Ibi tó wá kàn láìbìrì nìyí: ọgbà yunifásítì lọ́tọ̀, Orítamẹ́fà tí UCH wà lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀nà téèyàn ń fẹsẹ̀ rìn nígbà tí ẹnì kan ń mí gúlegúle lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìwé ìṣègùn ní láti kúrò láàárín àwọn ìwé yòókù kó lọ bá aláìsàn níbi tó wà. Nígbà tó di 1965 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ dìgírì nọ́ọ̀sì n'Íbàdàn, kì í ṣe dókítà nìkan ló ń wá ìwé mọ́, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru ní wọ́ọ̀dù tó tún ní ìdánwò lọ́la náà fẹ́ àga kan láti jókòó.

Orúkọ E. Latunde Odeku ni wọ́n fi sọ láìbìrì ìṣègùn tó wà ní UCH náà, kò sì sí orúkọ tó tún yẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Àwẹ́ ni, wọ́n bí i ní 1927. Yunifásítì Howard l'Ámẹ́ríkà ló ti di dókítà ní 1954, ó kọ́ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní Michigan, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó máa ṣe irú iṣẹ́ abẹ yẹn. Ó lè dúró s'Ámẹ́ríkà kó máa jẹ̀gbádùn ẹ̀, ó padà wá sí UCH ní 1962. Iṣẹ́ abẹ ò ní kó má kọ̀wé o, ó kọ nípa aláìsàn, ó tún kọ ewì. Ó kú ní 1974, ọmọ ọdún 47.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe nínú láìbìrì bẹ́ẹ̀? Àwọn kan rò pé òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kàn ń ní kéèyàn má pariwo ni. Ká ní ọmọ ọdún méje kan wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, ó ní foníkú-fọladìde, rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú lẹ́ẹ̀kan, ìyá ẹ̀ ń béèrè bóyá oògùn hydroxyurea lè dènà ìkejì. Dókítà kékeré tó wà lẹ́nu iṣẹ́ fúnra ẹ̀ tẹ ọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta sórí kọ̀ǹpútà, èsì rọ́ dé bí eéṣú, kò mọ èyí tó máa kà. Òṣìṣẹ́ láìbìrì á kọ́kọ́ da ìbéèrè bò ó: ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé owó wà láti máa fún un lẹ́jẹ̀ lóṣooṣù, àbí torí kò sí ẹ̀ lẹ ṣe ń béèrè oògùn? Kí lẹ fẹ́ fi oògùn náà wé? Lẹ́yìn náà á ya ìbéèrè yẹn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á wá lo àwọn orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pè ní MeSH, tó ti wà láti 1960. Ẹni tó kọ sickle cell disease àti ẹni tó kọ hemoglobin S disease, abẹ́ Anemia, Sickle Cell kan náà lo máa bá àwọn méjèèjì. Á dín in kù sí ọmọdé nìkan, sí ìwádìí tí wọ́n ti fi ìtọ́jú wé ìtọ́jú nìkan, á wá ṣa àwọn tí wọ́n ṣe ní Kánò níbí fún un, torí ìwádìí tí wọ́n ṣe níbi tí ẹ̀jẹ̀ àti owó ti wọ́n ló máa bá wọ́ọ̀dù tiwa mu. Kí wọ́n tó ṣe ráúǹdì lọ́la, bébà mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ dókítà yẹn, ó sì mọ ohun tó máa sọ fún ìyá ọmọ.

Ìyókù, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Náírà já ní 1986, láìbìrì ò lè ra jọ́nà òkèèrè, àwọn ìwé ìwádìí tó ń jáde lóòrèkóòrè, mọ́, fọ́tókọ́pì ló kù. MEDLINE, àtòjọ ìwádìí ìṣègùn ti Amẹ́ríkà, dé lórí CD, PubMed tí wọ́n fi ń wá inú ẹ̀ tẹ̀ lé e, ó bọ́ s'órí íntánẹ́ẹ̀tì láìgbowó. Àwọn ará Áfíríkà náà ṣe àtòjọ tiwọn, African Index Medicus, ní 1993, torí àwọn jọ́nà wa kì í sábà sí lórí ti Amẹ́ríkà. Ní January 2002, WHO gbé ètò Hinari dé pẹ̀lú iléeṣẹ́ ìwé mẹ́fà, ni jọ́nà tí owó ẹ̀ tó owó tí wọ́n fi ń ra ọkọ̀ bá di ohun téèyàn ń kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú ní ọsibítù wa.

Àwọn ọmọ ìsinsìnyí wá ń sọ pé fóònù àwọn ti tó, kí ni àwọn fẹ́ lọ ṣe ní láìbìrì. Ọsibítù tàbí iléèwé ni Hinari ń fún láyè láti wọlé, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọ̀dọ̀ láìbìrì sì ni wọ́n sábà máa ń fi páàsìwọ́ọ̀dù ẹ̀ sí. Ẹ kọ́kọ́ lọ gbà á.