Ìgbẹ́sẹ̀lé ìbọn ni, ẹ yé pè é ní "ìgbàpadà"

Gbogbo ìgbà tí ọ̀rọ̀ ìbọn bá tún ti gbóná l'Amẹ́ríkà, pé ìjọba fẹ́ fòfin mú ìbọn kúrò lọ́wọ́ aráàlú, ni àwọn tó ń fi Yorùbá ròyìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dá mi lágara. Ẹnì kan á ní ìjọba fẹ́ "kọ́nfísíkéètì" ìbọn, ó ti parí nìyẹn, kò tún ní ṣàlàyé kankan mọ́. Ẹlòmíì á ní "ìgbàpadà ìbọn". Àwọn tó wá fẹ́ ká mọ̀ pé Yorùbá tàwọn jinlẹ̀ á gbé tiwọn dé: "ìmúkúrò àwọn ohun ìjà olóró ní ìkáwọ́ àwọn ọmọ ìlú", kó o tó pè é tán o ti gbàgbé ohun tó o fẹ́ sọ. Àti olóró yẹn gan-an, ta ló ń bá wọn fi oró sínú gbogbo nǹkan? Ṣakabùlà ọlọ́dẹ, olóró. AR-15, ìbọn tó gbajúmọ̀ l'Amẹ́ríkà, olóró. Ọ̀bẹ pàápàá, mo ti gbọ́ ọ lórí rédíò tí wọ́n pè é ní ohun ìjà olóró. Èmi o, ìgbẹ́sẹ̀lé ìbọn ni mò ń pè é, mi ò sì ní yí i padà.

Ẹ wo bá a ṣe ń lo gbẹ́sẹ̀ lé nílé. EFCC gbẹ́sẹ̀ lé ilé olóṣèlú, ilé ò kúrò lójú kan, kò sẹ́ni tó rù ú lọ, ọ̀dà pupa lásán ni wọ́n fi kọ "KEEP OFF" sára fẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n látọjọ́ náà onílé ò lè tà á, kò lè gba owó ilé lórí ẹ̀, tó bá sì wọbẹ̀ òun gan-an ni wọ́n máa mú. Àṣẹ ló ṣáájú, ọwọ́ lè tẹ̀ lé e, ọwọ́ sì lè má dé rárá. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó nìbọn l'Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn. Àwa tá à ń wò wọ́n látòkèèrè rò pé ṣọ́jà ni wọ́n ń retí, pé á máa kan ilẹ̀kùn láti ojúlé dé ojúlé. Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, wọn ò sì kéré, àmọ́ ẹ bá àwọn tó fara balẹ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀, òfin ló ń já wọn láyà: pé nǹkan tí mo fowó mi rà ní ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n yẹ orúkọ mi wò lọ́dọ̀ FBI kí wọ́n tó gbé e fún mi, kí n wá jí lọ́jọ́ kan kí wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni mo gbé sínú yàrá.

Ẹ rántí bump stock. Nǹkan kékeré kan ni tí wọ́n ń fi sídìí ìbọn kó lè máa yìn léra wọn wàràwàrà. Ọkùnrin tó yìnbọn sáwọn èèyàn ní Las Vegas lọ́jọ́ kìíní oṣù October 2017 lò ó, èèyàn 60 ló kú tá a bá ka àwọn tí ọgbẹ́ padà pa. Ìjọba Trump, Trump tí àwọn oníbọn ń pè ní tiwọn o, ló wá ṣòfin pé láti oṣù March 2019, ẹni tó bá ní in kó bà á jẹ́ tàbí kó gbé e fún ATF, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìbọn, kò sí kọ́bọ̀ gbà-má-bínú. Wọn ò rán ṣọ́jà sí àdúgbò kankan. Ohun tó jẹ́ tìẹ lánàá ló dẹ̀ṣẹ̀ lónìí, tí wàá jókòó sílé tí wàá sì ti rúfin, títí Sùpúríìmù Kọ́ọ̀tù fi fagi lé òfin yẹn ní 2024. Kí lẹ máa pe ìyẹn? Gbígbà? Ta ló gba kí ni lọ́wọ́ ta? Ìgbẹ́sẹ̀lé ni, kò lórúkọ míì.

"Ìjọba fẹ́ gba ìbọn" burú jù lójú tèmi, torí ẹni tí ò mọ bó ṣe ń lọ á rò pé ìbọn tuntun ló dé fún ọlọ́pàá. "Ìfipágbà" dáa díẹ̀, ṣùgbọ́n adigunjalè ló ni ìyẹn, ẹni tó bá sì lò ó ti gbè sẹ́yìn apá kan kó tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Gbẹ́sẹ̀ lé ò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan: wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé owó olè, wọ́n sì ti gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá ẹni tí ò ṣẹ̀ rí. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo bọ̀wọ̀ fún dáadáa ní "ìgbàwọlé" ló bá a mu, pé gbẹ́sẹ̀ lé ti le jù. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ìgbàwọlé, ṣé JAMB ni?

Èyí tó wá ń bí mi nínú ni "ìgbàpadà". Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i, buyback ni wọ́n ń túmọ̀. Lẹ́yìn tí ọkùnrin kan pa èèyàn 35 ní Port Arthur, Australia, ní oṣù April 1996, ìjọba John Howard ṣòfin tó ka ọ̀pọ̀ ìbọn alágbára léèwọ̀, wọ́n sì ń san owó fún ẹni tó bá gbé tiẹ̀ wá, ìbọn tó wọlé tó nǹkan bíi 650,000. New Zealand ṣe irú ẹ̀ ní 2019 lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn 51 nínú mọ́ṣáláṣí méjì ní Christchurch. Ó dáa o. Ṣùgbọ́n ohun téèyàn bá gbà padà, ṣebí tiẹ̀ ni tẹ́lẹ̀? Ìgbà wo ni ìjọba ló ni ìbọn yẹn? Àwọn oníbọn Amẹ́ríkà gan-an ń bá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà jà, wọ́n ní ẹ ò tà á fún wa, ẹ wá fẹ́ rà á padà. Atúmọ̀ wá lọ gbé àṣìṣe òyìnbó, ó tún fi àmì ohùn sí i lórí. Tí kì í bá ṣe tìfẹ́-tìfẹ́, ìràgbà túláàsì ni mò ń pè é. Túláàsì ti wà nínú Yorùbá tipẹ́, ẹ lò ó.

Kí n wá ṣàlàyé ìdí tí ìwé lásán, tí ìjọba á kọ orúkọ àwọn oníbọn sí, fi ń dẹ́rù bà wọ́n. Nígbà òyìnbó, tí àwọn èèyàn ìjọba bá dé abúlé pé àwọn fẹ́ ka orí, àwọn géńdé á ti gba ẹ̀yìnkùlé wọgbó, ó ku ìyá àgbà àtàwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra kíkà, kíkà ò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ohun tó máa ń tẹ̀ lé kíkà ni wọ́n mọ̀: owó orí. Akọ̀wé á kọ orúkọ ẹ, á rẹ́rìn-ín sí ẹ, á lọ, tó bá ṣe díẹ̀ akódà á dé. Rẹ́jísítà ìbọn lójú àwọn tí mò ń wí yìí, kíka orí nìyẹn. Ìjọba ní àwọn kàn fẹ́ mọ iye tó wà nílẹ̀ ni o, wọ́n ní rárá, ẹ ò ní ka ohun tẹ́ ò fẹ́ kó. Òun ló fi jẹ́ pé láti 1986 òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti kọ̀ pé ìjọba ò gbọdọ̀ ní ìwé tó máa to gbogbo ìbọn orílẹ̀-èdè àtẹni tó ni wọ́n (ti máṣíìngọ́ọ̀nù yàtọ̀, mi ò ráyè ìyẹn).

Àwọn tó wà nílé máa ń bi mí pé kí ló le níbẹ̀, ìjọba ni kí wọ́n kó o wá, kí wọ́n kó o wá. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Nílé wa ìyọ̀ǹda ni ìbọn, òfin ìbọn ti 1959 ò jẹ́ kó o ní in láìsí láísẹ́ǹsì, ẹni tó fún ẹ ló sì lè gbà á. Tiwọn, ẹ̀tọ́ ni, àtúnṣe kejì sí òfin ilẹ̀ wọn láti 1791, Sùpúríìmù Kọ́ọ̀tù sì là á mọ́lẹ̀ ní 2008 pé ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan ni láti ní ìbọn nílé fi dáàbò bo ara ẹ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ funfun Texas nìkan ni o. Mississippi ṣòfin ní 1865, ẹrú ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, pé aláwọ̀ dúdú ò gbọdọ̀ ní ìbọn láìgbàṣẹ. Wọ́n ju bọ́ǹbù sílé Martin Luther King ní Montgomery ní 1956, ó bèèrè láísẹ́ǹsì kó lè máa gbé ìbọn, wọ́n ní rárá. Nígbà tí àwọn Black Panther, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀ dúdú kan, ń gbé ìbọn rìn ní California, òfin dé kíá ní 1967, Reagan tó jẹ́ gómìnà nígbà yẹn ló fọwọ́ sí i. Àwọn aláwọ̀ dúdú tó bá ń sọ pé òfin ìbọn, àwa ló ń kọ́kọ́ dé bá, wọn ò pa irọ́.

Báwo ni àwọn oníbọn ṣe wá ń hùwà sí ọ̀rọ̀ ìgbẹ́sẹ̀lé yìí? Ariwo ló pọ̀ jù. Wọ́n á lẹ "Come and Take It" (ẹ wá gbà á) mọ́ mọ́tò, ọ̀rọ̀ tó wà lára àsíá àwọn ará Gonzales ní Texas ní 1835 nígbà tí ìjọba Mexico fẹ́ wá gba kánóònù tó wà lọ́dọ̀ wọn (kánóònù yẹn, Mexico ló yá wọn, ká má parọ́, ìyẹn gan-an ni ìgbàpadà!). Beto O'Rourke sọ ọ́ ní gbangba ní Houston ní oṣù September 2019, nígbà tó ń du ipò ààrẹ, pé bẹ́ẹ̀ ni o, a máa gba AR-15 yín, títí dòní wọ́n ṣì ń fi fídíò ẹ̀ dẹ́rù ba ara wọn. Wọn ò sì gbàgbé New Orleans lẹ́yìn ìjì Katrina 2005, tí ọ̀gá ọlọ́pàá ní ọlọ́pàá nìkan ló máa ní ìbọn, tí wọ́n sì gbà á lọ́wọ́ àwọn tí omi yí ilé wọn ká, tó fi di pé Congress ṣòfin lọ́dún tó tẹ̀ lé e pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́. Lóṣù January 2020, bí èèyàn 22,000 ló ya bo Richmond ní Virginia nítorí òfin tí wọn ò tíì ṣe tán.

Àwọn tó lọ́gbọ́n ò pariwo. Wọ́n á ní ìbọn àwọn ti rì sódò, ọkọ̀ ojú omi ló dojú dé. Yẹ̀yẹ́ tí gbogbo wọn mọ̀ ni, ìtumọ̀ ẹ̀ sì ni pé tẹ́ ẹ bá dé, ẹ ò ní bá nǹkan kan. Connecticut ní kí wọ́n wá kọ orúkọ àwọn ìbọn kan sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ iléèwé ní Sandy Hook, nǹkan bí 50,000 ló wọlé, mi ò sì tíì pàdé ẹni tó gbà pé gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ṣé ó máa ṣẹlẹ̀ jákèjádò Amẹ́ríkà? Èmi ò rò ó. Small Arms Survey, àwọn tó ń ṣèwádìí iye ìbọn káàkiri àgbáyé, fojú bù ú ní 2018 pé ìbọn tó wà lọ́wọ́ aráàlú níbẹ̀ tó 393 mílíọ̀nù, ó ju èèyàn tó ń gbé ibẹ̀ lọ, àwọn ṣẹ́rífù (ọ̀gá ọlọ́pàá àgbègbè) kan sì ti sọ ọ́ lójúkojú pé àwọn ò ní bá ẹnikẹ́ni kó o. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1994 gan-an, tó ka títa irú AR-15 tuntun léèwọ̀, fi èyí tó ti wà lọ́wọ́ olówó ẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó sì kú fúnra ẹ̀ ní 2004. Ẹ̀rù wọn pọ̀ ju ewu lọ, ohun tí mo rí nìyẹn, àmọ́ kò wá ṣe pé wọ́n kàn ń lálàá.

Èyí tí mi ò tíì rí Yorùbá tó dáa fún ni red flag, níbi tí kóòtù á ní kí wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ń halẹ̀ pé òun máa pa ara òun tàbí ẹlòmíì, fún oṣù díẹ̀ tàbí ọdún kan. Connecticut ló kọ́kọ́ ní in, 1999, Florida ṣe tiẹ̀ ní 2018 lẹ́yìn tí wọ́n yìnbọn pa àwọn ọmọ iléèwé ní Parkland, ìpínlẹ̀ tó ń lò ó ti lé ní 20. Nínú àwọn oníbọn gan-an, àwọn kan ní ó dáa, àwọn kan ní ẹnu ọ̀nà tí ìgbẹ́sẹ̀lé máa gbà wọlé nìyẹn. Mo ti rí ẹni tó kọ ọ́ ní "òfin àsíá pupa", kò sì sí Yorùbá kan tó rí àsíá pupa tó máa mọ̀ pé ìbọn lẹ̀ ń sọ. "Ìgbẹ́sẹ̀lé onígbà díẹ̀" ni mo ṣì ń lò, kò dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó yé èèyàn.