Ibi tí Ajínómótò ti wá, àti bí iyèméjì ṣe wọ inú rẹ̀

Ní ọjà Ìpàta n'Ílọrin, bí o bá ní kí ìyá alátẹ ta Ajínómótò fún ọ, èyí tó bá wà nílẹ̀ ni yóò bù fún ọ, ilé-iṣẹ́ yòówù kó ṣe é. Orúkọ ọjà kan ló di orúkọ gbogbo wọn, bí ti Mágí. Àwọn kan ní wọ́n fi ń fọ aṣọ. Ìyẹn kò kàn mí lónìí. Èyí tó kàn mí ni ìbéèrè àwa Mùsùlùmí: ṣé kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀?

Ewé ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Tokyo, ń wádìí adùn inú omi kombu, ewé inú òkun tí àwọn ará Japan ń sè. Kì í ṣe adùn iyọ̀, kì í ṣe ti ṣúgà. Glutamate, èròjà tó ń mú oúnjẹ dùn, ló rí níbẹ̀. Ó sọ adùn náà ní umami. Ní 1909, òun àti oníṣòwò Saburosuke Suzuki gbé e dé ọjà. Orísun adùn ni Ajinomoto túmọ̀ sí. Àmọ́ inú àlìkámà ni wọ́n ti ń yọ èyí tí wọ́n ń tà, ásíìdì líle ni wọ́n sì fi ń sè é.

Ní 1956 ni Shukuo Kinoshita àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí bakitéríà kan tó jẹ́ pé bí o bá fún un ní ṣúgà, glutamate ni yóò máa tú síta. Ẹni tó bá ti rí ìyá tó ń ṣe irú kò ní yanu sí i. A se èso igbá, a bó o, a bò ó mọ́lẹ̀, kòkòrò àìfojúrí sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ títí yóò fi máa rùn. Àwọn ìyá ńlá wa ti ń jẹ glutamate kí wọ́n tó bí Ikeda.

Bakitéríà náà, tí wọ́n wá ń fi ṣe Ajínómótò, kì í jẹ ṣúgà nìkan. Ní Indonesia, ilé-iṣẹ́ Ajinomoto pààrọ̀ ohun tí wọ́n fi ń tọ́ irúgbìn bakitéríà wọn sí èròjà sóyà kan tí wọ́n fi ẹ́ńsáímù, ohun inú ara tó ń da oúnjẹ, láti ara ẹlẹ́dẹ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí ọdún 2000 ń parí lọ, ìgbìmọ̀ àwọn àáfà ibẹ̀ ní hàráàmù ni. Ìbẹ̀rẹ̀ 2001, wọ́n kó o kúrò lórí àtẹ. Abdurrahman Wahid, Ààrẹ Indonesia nígbà náà, tí òun náà jẹ́ àáfà ńlá, ní hàláàlì ni, nítorí kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà.

Kì í ṣe ìjà kékeré. Bí nǹkan bá ti yí padà pátápátá, ṣé èèwọ̀ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀? Lọ́dọ̀ Málíkì, ọ̀nà tí àwọn àáfà Ìlọrin ń tọ̀, ọtí tó bá kan di fínígà ti mọ́. Àwọn tó ń tọ ọ̀nà Ṣáfíì, tí wọ́n pọ̀ jù ní Indonesia, kì í gba ìyípadà láàyè tó bẹ́ẹ̀.

Lójú tèmi, nọ́ńbà 631 tó wà lára ọ̀rá núdù ló yẹ ká béèrè jù. Inosinate ni, èròjà adùn míì tí Shintaro Kodama rí nínú ẹja gbígbẹ ní 1913. Wọ́n lè mú un láti ara ẹran tàbí ẹja, bakitéríà pẹ̀lú sì lè ṣe é. Nọ́ńbà kan náà ni wọn yóò kọ.

Ìyá mi kì í ka nọ́ńbà. Irú ló fi ń se ọbẹ̀. Àfi tí àlejò bá dé, yóò bu Ajínómótò díẹ̀ sí i, ó ní irú nìkan kì í tó àlejò.