Èémí ló ṣòro: ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọkọ̀ ogun abẹ́ omi

Láti ọjọ́ tí aráyé ti ń wá bí ọkọ̀ ṣe máa rìn lábẹ́ omi, èémí ló ń dà wọ́n láàmú. Ní 1620, Cornelis Drebbel, ọmọ ilẹ̀ Holland, gbé ọkọ̀ onígi tí wọ́n fi awọ bò gba abẹ́ odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wà á.

Ogun ló wá sọ ọ́ di ohun mìíràn. Nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, àwọn ará Gúúsù kan ọkọ̀ abẹ́ omi Hunley: irin gbọọrọ, ènìyàn 8 nínú rẹ̀, 7 ń fọwọ́ yí irin tó ń ti ọkọ̀ síwájú, ọ̀gá wọn ń tọ́ ọ. Àbẹ́là ni iná wọn. Bó bá ti ń kú lọ, wọ́n mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti ń tán. Ọkọ̀ yìí ti pa 13 nínú àwọn tirẹ̀, títí kan Horace Hunley tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọkọ̀ náà, síbẹ̀ àwọn mìíràn tún wọ̀ ọ́. Lálẹ́ ọjọ́ 17 oṣù Kejì 1864, wọ́n ri Housatonic, ọkọ̀ ogun àwọn ará Àríwá. Àwọn náà kò padà.

John Holland, tísà ará Ireland, ló tún un ṣe: ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù lójú omi, bátìrì lábẹ́ omi, torí ẹ́ńjìnnì kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Bí omi bá wọ táńkì rẹ̀, á wọlẹ̀ lọ; bí wọ́n bá fi afẹ́fẹ́ líle lé omi náà jáde, á léfòó. Amẹ́ríkà rà á ní 1900.

Ogun 1914 ló mú ọ̀rọ̀ náà kan Iléṣà. Aṣọ tí àwọn Òṣómàáló wa ń tà láwìn, ọkọ̀ láti ìlú Òyìnbó ló ń kó o wá. Kòkó àti èkùrọ́ ni wọ́n ń kó padà. Ní oṣù Kẹta 1915, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ri ọkọ̀ Falaba tó ń ti Liverpool bọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn tó kú lé ní 100. Ní oṣù Kọkànlá 1917, wọ́n ri ọkọ̀ Apapa tó ń ti etíkun wa lọ, 77 kú. Ọkọ̀ ẹrù wá di ọ̀wọ́n. Ó dùn mí pé Lusitania, ọkọ̀ èrò tí Jámánì ri ní 1915, nìkan ni ẹnu máa ń kùn.

Nautilus, ọkọ̀ abẹ́ omi Amẹ́ríkà, dé ní 1954, agbára átọ́ọ̀mù ló ń lò, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò nílò afẹ́fẹ́ rárá. Láti ìgbà náà, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè sá pamọ́ sísàlẹ̀ òkun fún oṣù mélòó kan bí ogun kò tilẹ̀ sí. Oúnjẹ tó bá tán ló ń lé e wálé.

Ní 2000, tòpídò, àdó olóró tí wọ́n ń yìn lábẹ́ omi, bú gbàù nínú Kursk, ọkọ̀ abẹ́ omi Rọ́ṣíà, níbi ìdánrawò, 118 kú. 23 nínú wọn ṣì wà láàyè lẹ́yìn ìbúgbàù náà, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti lọ kí Rọ́ṣíà tó gba ìrànlọ́wọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Nígbà tí àwọ̀n há AS-28, ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré Rọ́ṣíà, ní 2005, wọn kò jáfara mọ́. Rọ́bọ́ọ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gé àwọ̀n náà, àwọn 7 tó wà nínú rẹ̀ sì jáde láàyè.