Ọmọ tí kò rí ojú pátákó: kí ló fà á?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Ọmọ mi, ọmọ ọdún 11, kì í rí tẹlifíṣọ̀n dáadáa àfi tó bá sún mọ́ ọn. Kò sẹ́ni tó ń lo awò nílé wa. Níbo ló ti rí i? Ṣé awò ò ní ba ojú rẹ̀ jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ ṣé tí ẹ ò fojú kékeré wò ó. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni wọ́n ti pè ní olódo, tó jẹ́ pé ohun tí tíṣà kọ sójú pátákó ni wọn ò rí. Ó máa ń dùn mí gan-an.

Láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹyinjú àgbàlagbà máa ń tó nǹkan bíi mìlímítà 24. Ẹ̀yìn yẹn gan-an ló yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé. Tí ẹyinjú bá fi mìlímítà 1 péré gùn jù, ìmọ́lẹ̀ á ti pàdé kó tó débẹ̀, ohun tó wà lókèèrè á wá ṣú bàìbàì. Tó bá kúrú jù, ohun tó wà nítòsí ló máa ń ni ojú lára. Ti àwọn àgbà tó ń na Bíbélì jìnnà sójú yàtọ̀: lẹ́ńsì inú ojú ló ti le, kò sì sẹ́ni tí kì í bá lẹ́yìn ogójì ọdún.

Pé ẹnikẹ́ni ò lo awò nílé kò ní kí ojú gbogbo yín dá ṣáṣá. Ó lè jẹ́ pé ẹ ò tíì yẹ̀ ẹ́ wò. Lóòótọ́, ọmọ lè jogún àìríran ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n àìjáde síta náà wà lára ohun tó ń fà á. Ní Guangzhou, ní Ṣáínà, wọ́n fi 40 ìṣẹ́jú ẹ̀kọ́ ìta gbangba kún ti ojoojúmọ́ fún àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, nǹkan bí 30 nínú 100 wọn ni kò rí ọ̀nà jíjìn mọ́. Láàrin àwọn tí kò ṣe é, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40. Wọ́n gbà pé ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kì í jẹ́ kí ẹyinjú yára gùn jù.

Awò kì í ba ojú jẹ́ rárá. Ọmọ ń dàgbà, ẹyinjú ń gùn sí i, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pààrọ̀ awò rẹ̀.

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Wọ́n lè kán oògùn sí i lójú kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n. Ẹ má fòyà, ojú ọmọdé máa ń fi agbára ríran ni, oògùn yẹn ló ń jẹ́ kó sinmi.