Omi gbígbóná, omi tútù: ṣé ooru lásán lè mú kí omi ní iná mànàmáná nínú?

Àbúrò mi kan tó ń ka físíìsì n'Ado lọ s'Ikogosi, níbi tí omi ìsun gbígbóná àti tútù ti ń pàdé, ó dé tán ló bi mí ní ìbéèrè yìí, ó wù mí gan-an ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ síbí fún gbogbo wa.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, mo ki ìkejì bọ tútù. Ẹnì kan ní tí apá kan omi bá gbóná tí apá kejì tutù, iná máa ń wà nínú ẹ̀. Kí ló dé tí iná ò gbé mi?

Ìdáhùn: Òótọ́ ló sọ o, àmọ́ iná ọ̀hún kéré kọjá bẹ́ẹ̀. Wò ó, mọ́líkù omi kan, ìyẹn ẹyọ omi tó kéré jù lọ, ọ́síjìn kan ni pẹ̀lú háídírójìn méjì, wọ́n yà bí igi ẹlẹ́ka méjì. Ọ́síjìn ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn ẹyọ tíńńtín tó ní iná nẹ́gétíìfù, sọ́dọ̀ ara ẹ̀, torí náà ọ̀dọ̀ ẹ̀ jẹ́ nẹ́gétíìfù, ọ̀dọ̀ háídírójìn sì jẹ́ pọ́sítíìfù, bíi bátìrì tíńńtín. Nínú ife omi lásán, kálukú ń kọjú síbi tó wù ú, wọ́n á pa ara wọn rẹ́, o ò ní rí nǹkan kan.

Ìbéèrè: Kí wá ni ooru ń ṣe sí wọn?

Ìdáhùn: Ibí ló dùn mọ́ mi jù. Ní 1879 onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Charles Soret, rí i pé tí a bá mú kí orí kan omi iyọ̀ gbóná tí ìkejì tutù, iyọ̀ á rọra kóra jọ sọ́dọ̀ tútù, ìyẹn ni pé ooru tó ń ṣàn máa ń ya nǹkan sọ́tọ̀ síra wọn. Wá rò ó, inú mọ́líkù kan náà, apá kan wúwo tàbí tóbi ju ìkejì lọ, ó sì dà bí ewúrẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn kan, ọ̀kan ń fẹ́ bọ́ sí òjìji, ìkejì ń fẹ́ oòrùn, wọn ò lè pínyà, kí ni wọ́n máa ṣe? Wọ́n á yí ojú pa dà ni. Bí ọ̀pọ̀ mọ́líkù bá ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú wọn ò ní pa ara wọn rẹ́ tán mọ́, iná ti wà nìyẹn. Ti omi tún le díẹ̀ torí àwọn mọ́líkù ẹ̀ ń di ara wọn mú.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Fernando Bresme, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ló fi kọ̀ǹpútà ṣírò èyí fún omi ní 2008, wọ́n rí i pé bí ìyàtọ̀ ooru bá ṣe le tó ni iná ọ̀hún ṣe ń pọ̀ tó. Nígbà tí àwọn míì tún ìṣirò ṣe, tí wọ́n fara balẹ̀ ka agbára iná tó ń ti ọ̀nà jíjìn wá, iye ẹ̀ lọ sílẹ̀, àmọ́ kò di òfo.

Ìbéèrè: Ikogosi wá ńkọ́?

Ìdáhùn: Wọ́n máa ń sọ pé ooru omi gbígbóná ibẹ̀ tó nǹkan bí 70 dígírì níbi tó ti ń sun, ó sì ti lọ sí bíi 37 tó bá fi máa pàdé tútù. Ìyàtọ̀ yẹn nà káàkiri ilẹ̀ tó fẹ̀, ti kọ̀ǹpútà sì jẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ dígírì láàárín nanomita mélòó kan (nanomita kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà), àfiwé ò sí rárá. Omi ìsun tún ní iyọ̀ inú àpáta nínú, ìyẹn náà ń rìn lọ rìn bọ̀ láti pa iná kékeré yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé a ò lè fi tan gílóòbù báyìí?

Ìdáhùn: Rárá o. Nínú irin, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń rìn, láti 1821 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Seebeck, ti rí ohun tí ìyàtọ̀ ooru ń ṣe níbi tí irin méjì ti so pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò tíì mọ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nígbà náà. Mọ́líkù omi kàn yíjú ni, kò síbi tó ń lọ. Ibi tí tiẹ̀ ti wúlò ni ibi kékeré gan-an, bí omi tó yí ẹyọ góòlù tíńńtín tí wọ́n tan iná lésà sí ká, níbẹ̀ ni ooru ti lè yàtọ̀ gidi láàárín ibi tí ojú ò lè rí.