Èrò Kọ́ Ni Oníbàárà: Bí Kókó Tí Ìkànnì Yàn Ṣe Ń Di Owó

Èrò tó ń gba abẹ́ bíríìjì Òṣòdì kọjá láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò lóǹkà. Síbẹ̀, ẹni tó bá pàtẹ dígí ọkọ̀ síbẹ̀ lè jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú kí ẹnì kan ṣoṣo má bèèrè iye tó ń tà á. Kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ní ọjà Ládípọ̀, èèyàn lè gba ìsọ̀ tí kò fẹ̀ ju ilẹ̀kùn méjì lọ, kó má tà ju dígí ẹ̀gbẹ́ Toyota tòkunbọ̀, kó sì fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì. Àwọn tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èrò Òṣòdì. Àmọ́ ẹni tó bá dúró níbẹ̀, dígí ọkọ̀ rẹ̀ ló fọ́, owó sì ti wà lápò rẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Ohun tí àwọn tó ń fi ìkànnì pawó ń pè ní niche kò ju èyí lọ: ìsọ̀ wo ni ìkànnì náà fẹ́ jẹ́, nínú ọjà wo? Ríra orúkọ ìkànnì, gbígbé e sórí WordPress tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, yíyan àwọ̀ àti àwòrán, iṣẹ́ ọ̀sán kan ni gbogbo ìyẹn. Yíyan kókó ló ń gbé ọ̀pọ̀ ṣubú, torí pé èrò ni wọ́n ń kà, wọn kì í wo ohun tí èrò náà fẹ́ rà.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ JAMB. Lẹ́nu ọdún àìpẹ́ yìí, àwọn tó ń jókòó fún ìdánwò náà sún mọ́ mílíọ̀nù 2 lọ́dọọdún. Lọ́sẹ̀ tí èsì bá jáde, gbogbo wọn pẹ̀lú òbí wọn ló ń wá bí wọ́n ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò. Ìkànnì tó bá kọ ọ́ dáadáa lè rí òǹkàwé lọ́jọ́ mẹ́ta ju èyí tí ìkànnì mìíràn rí lọ́dún kan. Àmọ́ ta ló fẹ́ polówó ọjà fún wọn? Ọmọ ọdún 17 ni, fóònù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló yá, dátà tó kù níbẹ̀ ò ju ìba lọ, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkìkì. Kò sí nǹkan kan tó fẹ́ rà lọ́jọ́ yẹn. Bó bá ti rí èsì rẹ̀ báyìí, ó lọ nìyẹn, ìkànnì náà á sì dá bí ọjà tó tú títí di ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ wá wo ẹlòmíràn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ń fún ní iná jù, láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 fún yúníìtì kan. Ẹni tí irú owó bẹ́ẹ̀ ká lára, tó wá ń tẹ̀ ẹ́ sí Google pé bátìrì mélòó ló lè gbé fìríìjì kan àti fáànù mẹ́ta mọ́jú, kì í ṣeré. Ọ̀rọ̀ mílíọ̀nù náírà ló ń rò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ tó ọmọ JAMB, kò tiẹ̀ sún mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta bátìrì, ẹni tó ń ta páńẹ́ẹ̀lì sólà, ẹni tó ń bá wọn tò ó sórí òrùlé, àti ilé ìyáwó tó fẹ́ kó san án díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ló ń wá a kiri lójú méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń wá a yẹn ló di owó fún oníkànnì, gbàǹjo sì ni wọ́n fi ń ṣe é. Ibí yìí ló dùn jù nínú gbogbo ètò náà, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àlàyé máa ń fò kọjá. Nígbà tí èèyàn bá tẹ ojú-ìwé kan, kí ojú-ìwé náà tó ṣí tán lójú fóònù rẹ̀, wọ́n ti lu àyè ìpolówó inú rẹ̀ ní gbàǹjo. Kò gbà tó ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ ló ń bá ẹ̀rọ dúnàádúrà: kí ni ẹni yìí ń kà, ìlú wo ló wà, irú fóònù wo ló mú dání, kí ló ti ń wá kiri láti ijẹta? Oníbátìrì pe iye kan, onísólà fi díẹ̀ lé e, ilé ìyáwó gbé e sókè sí i. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ga jù ni ìpolówó rẹ̀ máa hàn. Ojú-ìwé ṣí tán, òǹkàwé kò sì mọ̀ pé wọ́n ti ná òun bí ẹní ná àgbò ọdún Iléyá.

Nínú AdSense, ètò tí Google dá sílẹ̀ ní 2003 láti máa fi ìpolówó sí ìkànnì, ẹni tó borí nínú gbàǹjo yìí kì í san iye tó pè tẹ́lẹ̀. Iye tó ju ti ẹni tó tẹ̀ lé e lọ pẹ̀lú kọ́bọ̀ díẹ̀ ló ń san. Ní 2021 ni wọ́n yí i padà, tó fi di pé iye tí èèyàn bá pè gan-an ló máa san. Nínú owó tí onípolówó bá san, nǹkan bíi 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń dé ọwọ́ oníkànnì. Láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, kò sì dìgbà tí òǹkàwé bá tẹ ìpolówó mọ́ kí wọ́n tó sanwó. Bó bá ti hàn sí i, wọ́n kà á.

Bó ti rí nínú gbogbo gbàǹjo náà ló rí níbí. Bí aga àtàtà bá jáde, tó sì jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló nífẹ̀ẹ́ sí i láàárín àwọn tó pé jọ, iye tó bá pè náà ló máa fi gbé e lọ. Ìgbà tí ẹni kejì bá nawọ́ ni owó máa ń gòkè. Bí ẹni kẹta bá tún nawọ́, ẹni àkọ́kọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àpò rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe bí kókó kan ṣe dùn tó tàbí bí èèyàn tó ń kà á ṣe pọ̀ tó ló ń sọ iye rẹ̀. Iye àwọn tó fẹ́ bá òǹkàwé kan náà sọ̀rọ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà ni. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú èyí. Kò sí ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kan tó ń pín owó lé kókó lórí. Àwọn tó ń ta ọjà mọ ibi tí owó wà, owó tí wọ́n ń pè sì ń fi hàn lójoojúmọ́.

Àṣìṣe kan wà tó yẹ kó ti kásẹ̀ nílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Google ní irinṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Keyword Planner. Àwọn onípolówó ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n àwọn oníkànnì náà ń lò ó láti yan kókó. Èèyàn á tẹ ọ̀rọ̀ kan sí i, á sì sọ iye ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ náà lóṣù. Ẹni tí kò bá sanwó ìpolówó kì í rí iye náà ní pàtó; á kàn sọ fún un pé ó wà láàárín 1,000 sí 10,000. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni iye tó kéré àti iye tó pọ̀ tí àwọn onípolówó ń pè wà. Òpó kan tún wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ Competition (ìdíje) sí lórí, tó máa ń sọ pé Low (díẹ̀), Medium (ìwọ̀nba) tàbí High (púpọ̀).

Àìmọye èèyàn ló ti rí High níbẹ̀ tó sì sá. Wọ́n rò pé àwọn ìkànnì tó ti ń kọ nípa kókó náà ló pọ̀ jù, pé àyè ò sí mọ́. Wọ́n á wá lọ mú èyí tí wọ́n kọ Low sí, wọ́n á kọ ọgọ́rùn-ún àpilẹ̀kọ síbẹ̀, owó ò sì ní wọlé. Òpó yẹn kò sọ nǹkan kan nípa àwọn ìkànnì. Àwọn onípolówó ló ń kà: mélòó nínú wọn ló ń pe owó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tó sá fún High dà bí ẹni tó dé ọjà, tó rí àwọn oníbàárà tó ń ti ara wọn síwájú ìsọ̀ kan, tó wá ní òun ò ní ta irú ọjà bẹ́ẹ̀ láé nítorí èrò pọ̀ níbẹ̀. Ó sì dunni pé àwọn kan ń gbowó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àṣìṣe yìí gan-an. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá gan-an, tí irinṣẹ́ náà sì kọ Low sí, èrò Òṣòdì ló sábà máa ń jẹ́.

Ìdíje láàárín àwọn ìkànnì fúnra wọn wà lóòótọ́, àmọ́ ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Kí èèyàn tẹ ìbéèrè náà sí Google kó sì wo àwọn tó wà lójú-ìwé àkọ́kọ́. Bó bá jẹ́ báǹkì, ìjọba àti ìwé ìròyìn ńlá ló kún ibẹ̀, ẹni tó dá wà kò lè fi ọwọ́ lásán tì wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, NerdWallet bẹ̀rẹ̀ ní 2009 látorí ìbéèrè kan ṣoṣo, pé káàdì ìyáwó wo ló sàn jù fún èèyàn. Ní 2021 ó ti wọ ọjà ìpín ìdókòwò. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ lónìí ń lọ pàtẹ síwájú ilé ìtajà ńlá nìyẹn. Wirecutter náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2011, kò ṣe ju pé ó ń dán ẹ̀rọ wò kó lè sọ èyí tó yẹ kéèyàn rà. Ní 2016, New York Times rà á ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 30 dọ́là.

Bó bá wá jẹ́ pé àpilẹ̀kọ tó ti gbó àti ìdáhùn ìlàjì ló wà lójú-ìwé àkọ́kọ́ yẹn, àyè wà nìyẹn. Bí àyè ò bá sí, kí wọ́n dín fífẹ̀ kókó náà kù. “Sólà” ti fẹ̀ jù. “Sólà fún ẹni tó ń gbé ilé àyágbé” ti ń dára: báwo lèèyàn ṣe máa tò ó láìlu òrùlé onílé jò, ta ló máa san gbèsè bí òrùlé bá bàjẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ń tú u lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń kó lọ, èwo nínú bátìrì ló ṣeé gbé gun àtẹ̀gùn dé òkè kẹta? Bí ẹni tó fẹ́ dá ìkànnì sílẹ̀ bá lè to irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ tó 50 láì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ronú, kókó náà kò kéré. Bí kò bá kọjá mẹ́jọ, àpilẹ̀kọ kan ni, kì í ṣe ìkànnì. Kò sí ìbẹ̀rù pé ìbéèrè á tán nílẹ̀: Google ti sọ ọ́ léraléra pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń tẹ̀ sí i lójúmọ́, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ni ẹnikẹ́ni ò tẹ̀ rí. Ní oṣù kejìlá 2022 ni wọ́n sì fi ìrírí kún ohun tí àwọn tó ń bá Google yẹ ojú-ìwé wò gbọ́dọ̀ máa wá. Ẹni tó ti gbé bátìrì gun àtẹ̀gùn yẹn rí, tó sì ya àwòrán rẹ̀, ní ohun tí ilé-iṣẹ́ ńlá kò ní.

Ìpolówó nìkan kọ́ ló ń mówó wọlé. Ìkànnì tún lè jẹ́ alárenà: á júwe ọjà fún òǹkàwé, á tọ́ ọ sọ́nà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tà á, á sì gba owó alágbàtà lórí ohun tó bá rà. Amazon, ilé ìtajà ńlá orí ayélujára, ti ń ṣe irú ètò yìí láti 1996. Ṣùgbọ́n ọmọge mojú ọkọ tán, alárenà yẹ̀bá. Ní oṣù kẹrin ọdún 2020, Amazon já owó alágbàtà lórí ohun èlò ilé, bí aga àti tábìlì, láti 8 nínú ọgọ́rùn-ún sí 3. Ti oúnjẹ lọ láti 5 sí 1. Àwọn ìkànnì tó ti fi ọdún mẹ́wàá kọ nípa aga jí lọ́jọ́ kan, ohun tó ju ìdajì owó wọn lọ sì ti fò lọ. Láti oṣù karùn-ún 2024, bẹ̀rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, Google náà ti ń fi ẹ̀rọ kọ ìdáhùn sókè èsì tirẹ̀, tí òǹkàwé mìíràn ò fi ní dé ìkànnì rárá. Kókó tó dára jù ni èyí tó ní ju ọkọ kan lọ tó fẹ́ ẹ: tí bí Amazon bá yí ojú padà, ìpolówó ṣì wà, bí ìpolówó bá dínkù, ẹni tó ń ta ọjà ní tòsí ṣì wà.

Àléébù gbàǹjo yìí kò sì kéré. Àpò òǹkàwé ló ń wò, kì í wo ohun tó ń ká a lára. Àpilẹ̀kọ kan náà lórí inverter, bí wọ́n bá kà á láti Houston ní Amẹ́ríkà, ó lè pa iye tó pọ̀ gan-an ju èyí tí wọ́n kà láti Òṣogbo lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wà ní Òṣogbo ni iná kò sí nílé rẹ̀. Ojú-ìwé tó ṣàlàyé fún ìyá ọlọ́mọ bó ṣe máa mọ̀ pé ibà ọmọ rẹ̀ ti kọjá èyí tí wọ́n ń tọ́jú nílé lè gba ẹ̀mí là kó má sì pa owó dátà tí wọ́n fi gbé e sókè. Bí wọ́n bá wá kọ ọ́ ní Yorùbá, ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀: fún ọ̀pọ̀ ọdún, nínú àwọn èdè tí Google tò sílẹ̀ pé AdSense ń bá ṣiṣẹ́, Yorùbá kò sí níbẹ̀. Àwọn tó ń sọ èdè yìí tó mílíọ̀nù lọ́nà ogójì.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣe ìkànnì sólà fún ẹni tó ń gbé ilé àyágbé ní láti gbé gbàǹjo náà wá sílé fúnra rẹ̀. Á lọ bá àwọn tó ń ta bátìrì ní Alábà, mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í ṣe ẹyọ kan. Á jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ka ojú-ìwé yìí ti mọ iye bátìrì tó nílò, ibi tó ti máa rà á ló kù. Ẹni tó bá san jù fún oṣù yẹn ni orúkọ rẹ̀ á wà lókè. Kí àríyànjiyàn má sì wà lórí ta ló mú oníbàárà wá, wọ́n á ṣí nọ́ńbà WhatsApp kan tí kò sí níbòmíràn àyàfi orí ìkànnì náà. Ẹnikẹ́ni tó bá pe nọ́ńbà yẹn, ibẹ̀ ló ti wá.